Ọjọ́ tí ẹ ó gbin quinoa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, àti àyè tí ẹ ó fi sí àárín rẹ̀

Oṣù kẹrin ni mo gbin quinoa àkọ́kọ́ mi, ohun ọ̀gbìn òkèèrè tí a ń jẹ kóró rẹ̀, ní ẹ̀yìn ilé wa ní Òdogbolú, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Gbogbo ayé ló ń gbin àgbàdo nígbà náà, èmi náà sì rò pé ìgbà tí a ń gbin nǹkan nìyẹn. Ó hù dáadáa. Ó ga dé àyà mi, ó yọ orí pupa tó jẹ́ pé àwọn tó ń lọ sọ́jà ń dúró wò ó, wọ́n ń bi mí pé irú tẹ̀tẹ̀ wo nìyí. Nígbà tó di oṣù keje, lásìkò ọdún Agẹmọ, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, oòrùn kò yọjú. Ní ọjọ́ kẹrin mo ṣẹ́ orí kan, mo fi àtàǹpàkò tú u. Gbogbo kóró inú rẹ̀ ti yọ gbòǹgbò funfun tín-ín-rín, bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi tí a gbàgbé. Orí igi níbẹ̀ ni wọ́n ti hù. N kò rí ife kan kó nínú bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin.

Ilẹ̀ kò ṣẹ̀ mí, irúgbìn kò ṣẹ̀ mí. Ọjọ́ tí mo gbìn ín ni kò dára. Láti ìgbà náà, ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbin quinoa lágbègbè wa ni pé kó kọ́kọ́ mú ọjọ́ tí yóò kórè, kó tó wá ka ọjọ́ padà sẹ́yìn dé ọjọ́ tí yóò gbìn. Àyè tí yóò sì fi sí àárín igi kan àti èkejì, atẹ́gùn ni kó fi wọ̀n ọ́n. Ohun méjèèjì yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé dáadáa. Ìyókù iṣẹ́ oko ni, ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ mọ àlejò tí ẹ fẹ́ gbà

Kín-wà ni a ń pè é lẹ́nu. Orí àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, ní Bolivia, Peru àti Ecuador, níbi tí wọ́n ti ń gbìn ín fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tilẹ̀ ya ọdún 2013 sọ́tọ̀ fún un. Ìdílé kan náà ni òun àti tẹ̀tẹ̀ wa ti wá, ewé imí tó máa ń hù lẹ́bàá ògiri, tó ń rùn wìì, sì tún sún mọ́ ọn ju tẹ̀tẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ ẹ̀fọ́ gbìn ti mọ ìlàjì iṣẹ́ náà.

Ìlàjì tó kù ni ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni a ń fa tẹ̀tẹ̀ tu lọ sọ́jà, ewé rẹ̀ la sì fẹ́. Kí òjò tó ráyè bà á jẹ́, ó ti wà nínú ìkòkò. Quinoa á lo ju oṣù mẹ́ta lọ lórí ilẹ̀, kóró ni a sì ń retí lára rẹ̀. Ibi tó ti wá tutù, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì gbẹ. Ó lè fara da ọ̀dá ju àgbàdo lọ. Ohun tí kò lè fara dà mẹ́ta ni: omi tó dúró sí i nídìí, òjò tó bá a lórí nígbà tó ti gbó, àti ooru tó bá kọjá bíi ìwọ̀n 35 Sẹ́síọ̀sì nígbà tó ń tanná, torí irú ooru bẹ́ẹ̀ ń pa lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó, orí á wá ṣófo. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sọ́kàn. Gbogbo ọjọ́ àti gbogbo ìwọ̀n tí mo máa kọ sísàlẹ̀ yìí, àwọn ni mo ń sá fún.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ dán irúgbìn wò

Quinoa inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà fún jíjẹ kì í sábà hù dáadáa. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ bó èèpo kíkorò ara rẹ̀, ẹ̀rọ náà a sì máa ṣe ọmọ inú kóró léṣe. Ẹ wá èyí tí wọ́n tà fún gbígbìn, kí ẹ sì bi ẹni tó tà á pé ọjọ́ mélòó ló fi ń gbó. Ìdáhùn yẹn ṣe kókó ju àwọ̀ orí rẹ̀ lọ. Èyí tó ń gbó láàárín 90 sí 120 ọjọ́ ni kí ẹ mú. Àwọn kan wà lórí òkè lọ́hùn-ún tó ń lo nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Kò sí ẹ̀ẹ̀rùn Ìjẹ̀bú tó gùn tó ìyẹn.

Ẹ ka 50 kóró sórí aṣọ funfun tó tutù, ẹ ká a pọ̀, ẹ gbé e sínú àwo tó ní ìdérí, níbi tí oòrùn kò dé. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta ó yẹ kí wọ́n ti yọ gbòǹgbò. Bí 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá hù, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bí ó bá wà láàárín 25 sí 40, ẹ gbin ìlọ́po méjì. Bí kò bá tó 25, ẹ má fi bẹ́ẹ̀dì yín ṣòfò. Ooru àti ọ̀rinrin wa níhìn-ín tètè máa ń pa irúgbìn yìí, nítorí náà inú ìgò tó dé pinpin nínú fíríìjì ni mo ń fi tèmi sí. Ẹni tí iná kò dúró fún, kó ra kìkì ìwọ̀n tí yóò gbìn lọ́dún náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mú ọjọ́

Àwọn àgbà ní ìgbà ara là á búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ìgbà tí Ṣàngó bá ti dákẹ́ yẹn gan-an ni quinoa fẹ́ gbó sí.

Lágbègbè wa, òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, a le gan-an ní oṣù kẹfà àti keje, a sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, a sì tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Èyí tó padà yẹn ni àrọ̀kúrò. Ní oṣù kọkànlá ó ti ń dá. Nígbà tó bá di ìparí oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, ọyẹ́ á dé, ètè á máa là, aṣọ tí a sá láàárọ̀ á gbẹ kí a tó padà dé láti ọjà. Ọjọ́ tí aṣọ bá ń gbẹ báyìí ni orí quinoa gbọ́dọ̀ gbẹ.

Nítorí náà, ẹ fi àmì sí ọjọ́ 10 oṣù kìíní lórí kàlẹ́ńdà. Láti ibẹ̀, ẹ ka iye ọjọ́ tí irúgbìn yín fi ń gbó padà sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ ti 95 ọjọ́, ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ni ẹ ó gbìn ín. Bí ó bá jẹ́ ti 110 ọjọ́, ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ni. Ti 120 ọjọ́, ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án. Bí ilẹ̀ bá rin gbindin lọ́jọ́ náà, ẹ dúró di ìgbà tó bá fà díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan síwájú tàbí sẹ́yìn kò ba nǹkan jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ti 110 ọjọ́ wò ó. Ẹ gbìn ín ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án. Kí oṣù tó parí ó ti hù. Ó ṣì kéré nígbà tí òjò oṣù kẹwàá ń rọ̀, ìgbà tó nílò omi jù sì nìyẹn, torí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì jìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ẹ ó rí orí kékeré tó ń yọ láàárín ewé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù náà ó ń tanná: òjò ti ń lọ, ooru oṣù kejì kò sì tíì dé. Oṣù kejìlá ni kóró ń gbọmọ sínú. Oṣù kìíní, ó gbẹ. Òjò bá a níbi tó ti fẹ́ ẹ, ẹ̀ẹ̀rùn sì bá a níbi tó ti fẹ́ ẹ.

Ẹ lè bi mí pé ṣé kò sí ọjọ́ mìíràn. Ó wà, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń mú dání.

Ti oṣù kẹrin, mo ti sọ tèmi. Inú òjò tó le jù lọ́dún ni yóò gbó sí, kóró quinoa kì í sì í sùn lẹ́yìn tó bá gbó tán: bí omi bá ti kàn án, ó ti múra àtihù nìyẹn.

Ti oṣù kẹjọ máa ń dán ènìyàn wò, torí ilẹ̀ rọ̀, òjò sì ti rọjú. Ṣùgbọ́n àárín òjò oṣù kẹwàá ni yóò tanná sí, yóò sì gbó ní oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò lè dá, tó sì lè má dá. Mo mọ ẹnìkan lápá Ìjẹ̀bú-Igbó tó gbìn ín bẹ́ẹ̀, tó kórè dáadáa lọ́dún kìíní. Lọ́dún kejì, ọjọ́ mẹ́ta tó fi dúró de alágbàṣe ni òjò fi kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Ti oṣù kọkànlá, àwọn tó ní àkùrọ̀ ló máa ń bi mí léèrè. Àwọn ìyá alẹ́fọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá Odò Ìbù ní Rẹ́mọ mọ̀ pé ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pa owó, wọ́n á sì fẹ́ ṣe quinoa bákan náà. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbìn ín ní àárín oṣù kọkànlá, inú oṣù kejì ni yóò máa gbọmọ, nígbà tí ooru Ìjẹ̀bú le jù, yóò sì gbó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, nígbà tí ìjì àkọ́kọ́ ọdún ń bọ̀. Ìdí rẹ̀ á tún wà nínú omi láti òru di òwúrọ̀. Bí àkùrọ̀ bá jẹ́ ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ẹ ní, ẹ gbìn ín sí etí rẹ̀ níbi tó ga, kó má sì kọjá ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá.

Ẹ̀yin tó wà lápá Ìwòpin àti Abíìgí, nítòsí ọ̀sà, ọ̀rinrin yín pọ̀ ju ti Ìpẹru àti Ìlíṣàn lọ. Ẹ fi ọjọ́ ìkórè sí àárín oṣù kìíní dípò ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ohun kan tún kù tí ẹ lè gbọ́ lẹ́nu àwọn tó kàwé nípa rẹ̀, ìyẹn gígùn ọ̀sán. Òótọ́ ni pé quinoa tètè máa ń tanná nígbà tí ọ̀sán bá kúrú. Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ọ̀sán tó gùn jù lọ́dún kò fi wákàtí kan ju èyí tó kúrú jù lọ. Òjò ni kí ẹ máa wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bẹ́ẹ̀dì

Ibi tí oòrùn ti ń là láti òwúrọ̀ ni kí ẹ wá, kì í ṣe abẹ́ kòkó tàbí abẹ́ ọ̀pẹ. Bẹ́ẹ̀dì náà yóò ga tó 25 sí 30 sẹ̀ńtímítà, yóò fẹ̀ ní mítà 1, poro 50 sẹ̀ńtímítà yóò wà láàárín, yóò sì dagun kí omi lè ṣàn jáde. Bí òjò bá rọ̀ tí omi ṣì wà nínú poro lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ wa ọ̀nà fún un kí ẹ tó gbin ohunkóhun.

Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà, nǹkan bíi kílò 15 fún bẹ́ẹ̀dì tó gùn ní mítà 10, tó. Bí ó bá pọ̀ jù, ewé nìkan ni ẹ ó rí, igi á sì wó.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀dì yìí ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ ìgbìn, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Èpò á hù, pàápàá tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbìn, ẹ fi ọkọ́ họ ojú rẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ẹ má wa ìsàlẹ̀ rú, torí irúgbìn èpò tuntun ni ẹ ó gbé sókè. Iṣẹ́ kékeré yìí á gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìrora, torí quinoa lọ́ra púpọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, èpò wa kò sì lọ́ra.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wọn àyè

Ìlà méjì ni kí ẹ fà sórí bẹ́ẹ̀dì, kí 50 sẹ̀ńtímítà wà láàárín wọn, kí 25 sì kù sí etí méjèèjì. Lórí ìlà, 15 sẹ̀ńtímítà láti igi kan sí èkejì. Báírò kan gùn tó nǹkan bíi 15 sẹ̀ńtímítà. Òun ni mo máa ń mú lọ sóko, n kò gbé rúlà. Bẹ́ẹ̀dì mítà 10 á gba nǹkan bíi igi 130 báyìí.

Kí ló dé tí mo fi mú 15? Quinoa jẹ́ igi tí ń ba àyè rẹ̀ mu. Ẹ fún un láyè, á ya ẹ̀ka; ẹ fún un mọ́ra, á dúró lórí ẹsẹ̀ kan, á yọ orí kan ṣoṣo. Nítorí náà ìwọ̀n kóró tí ẹ máa kó kò yàtọ̀ púpọ̀ láàárín ìwọ̀n kan sí èkejì, àyàfi tí ẹ bá ṣe é ní àṣejù. Ohun tó yàtọ̀ ni bí orí ṣe ń gbó àti bí ewé ṣe ń gbẹ.

Níbi tí mo ti fi 5 sẹ̀ńtímítà sí i, igi tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀ ni mo rí. Wọ́n ń sáré wá oòrùn lọ sókè, afẹ́fẹ́ òjò kan péré ní oṣù kẹwàá sì tẹ́ ìdajì wọn sílẹ̀. Ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, ìrì ṣì wà lára ewé ìsàlẹ̀ wọn. Ibẹ̀ ni àrùn ewé ti bẹ̀rẹ̀: àmì ìyeyè ròbòtò lókè ewé, ohun tó dà bí eérú lábẹ́ rẹ̀, ó sì rìn lọ láti igi dé igi.

Níbi tí mo ti fi 30 sí i, ewé gbẹ kíá, àrùn kò dé. Igi nípọn bí àtàǹpàkò, ó ya ẹ̀ka mẹ́fà, méje. Inú mi dùn títí ìkórè fi dé. Orí àárín ti gbẹ, orí ẹ̀ka ṣì tutù yọ̀yọ̀. Bí mo bá gé e, ìdajì kóró á rún. Bí mo bá dúró, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà ti mọ ọ̀nà. Èpò pẹ̀lú rí àyè láàárín rẹ̀ dáadáa.

15 ni àárín wọn. Orí kan tó tóbi, ẹ̀ka kékeré méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n sì gbẹ pọ̀.

Ọjọ́ àti àyè a máa bára wọn ṣe. Èyí tí ẹ bá gbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án yóò pẹ́ nínú òjò, á sì ga. Ẹ fún un ní 20 kí atẹ́gùn lè kọjá. Èyí tí ẹ bá gbìn ní ìparí oṣù kẹwàá kò ní ga púpọ̀, òjò kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. 10 tó o. Bí ilẹ̀ bá gbà, ẹ na ìlà yín láti ìlà-oòrùn àríwá sí ìwọ̀-oòrùn gúúsù. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn òjò ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni ọyẹ́ ń gbà.

Bí ẹ ṣe máa gbìn ín nìyí. Ẹ fi ìka àtọ́ka fa ìlà tó jìn tó èékánná, sẹ̀ńtímítà 1, kó má kọjá 2. Ẹ po ìdajì ṣíbí tíì irúgbìn, tó jẹ́ bíi 500 kóró, mọ́ ife yanrìn gbígbẹ kan, kí ẹ sì rọra wọ́n ọn sínú ìlà méjèèjì bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Yanrìn náà kò ní jẹ́ kí kóró dì pọ̀ síbì kan. Ẹ fi ilẹ̀ kíkúnná bò ó, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ fi agolo tí a lu ihò sí nídìí wọ́n omi. Ẹ wọ́n eérú yí bẹ́ẹ̀dì ká. Èèrà fẹ́ràn kóró yìí, mo ti rí wọn tí wọ́n tò lọ gbọọrọ ní fàájì, kálukú gbé kóró tirẹ̀ dání. Bí òjò bá ń ṣú, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, ṣùgbọ́n ẹ ṣí i ní ọjọ́ kẹrin, kí ọmọ tó ń hù má baà tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá ní àyè, kó má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Oko ìdánwò IITA, àjọ tó ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Ìkẹ́nnẹ́ níhìn-ín, ohun tí wọ́n sì ń fi àgbàdo ṣe níbẹ̀ ni ẹ lè fi bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta ṣe lẹ́yìn ilé. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta tó gùn ní mítà 9. Ẹ gbin ti àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án, èkejì ní ọjọ́ 29, ẹ̀kẹta ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá. Ẹ pín bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan sí mítà 3 lọ́nà mẹ́ta, kí ẹ fi igi ṣe àmì: 10 sẹ̀ńtímítà níhìn-ín, 15 láàárín, 30 lọ́hùn-ún. Pẹ̀lú ìlà méjì, igi 60, igi 40 àti igi 20 nìyẹn. Irúgbìn kan náà ni kó jẹ́, ìgbẹ́ adìẹ kan náà, omi kan náà. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ kọ ọjọ́ tó hù, ọjọ́ tó yọ orí, ọjọ́ tó tanná, iye tó wó, ọjọ́ tí ẹ gé e, àti ìwọ̀n kóró gbígbẹ láti ìpín kọ̀ọ̀kan. Ọdún méjì péré, ìwé yẹn á mọ ilẹ̀ yín jù mí lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ dín in kù

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà, torí àánú. Ọmọ tó hù, tó tutù, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ìwọ á wá fà á tu. Ẹ fà á tu. Bí ẹ bá fi gbogbo wọn sílẹ̀, 5 sẹ̀ńtímítà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà ni ẹ ti padà sí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ ṣe é. Ní ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tó hù, ẹ yọ èyí tó dì mọ́ra, kí bíi ìka mẹ́ta wà láàárín wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tó bá ga tó gígùn ìka àárín, ẹ mú báírò yín, kí ẹ fi èyí tó lágbára jù sílẹ̀ ní 15 kọ̀ọ̀kan. Ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn òjò dára jù, torí ilẹ̀ ti rọ̀, gbòǹgbò aládùúgbò kò sì ní bá a jáde. Bí wọ́n bá ti wọnú ara wọn, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e nídìí.

Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má fa ọmọ tu kí ẹ fi èpò sílẹ̀. Quinoa kékeré àti tẹ̀tẹ̀ kékeré jọra bí ìbejì. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ wo ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ láàárín gbùngbùn. Ti quinoa ní ẹ̀kúnná funfun, nígbà mìíràn ó máa ń pọ́n díẹ̀, tó ń tàn yinrin bí iyọ̀ tí a fọ́n sí i. Bí ẹ bá fi ìka nù ún, á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ara tẹ̀tẹ̀ mọ́. Bí ó bá sì dàgbà díẹ̀, ewé quinoa á ṣe igun mẹ́ta, etí rẹ̀ á ní eyín, bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Bí ojú kò bá tíì dá yín lójú, ẹ wo ìlà: ohun tó bá hù síta ìlà, èpò ni. Ìdí kan nìyẹn tí n kò fi gbà kí ẹnikẹ́ni fọ́n irúgbìn yìí káàkiri bí a ṣe ń fọ́n tẹ̀tẹ̀.

Èyí tí ẹ fà tu, ẹ má dà á nù. Ẹ̀fọ́ ni. Ẹ bọ̀ ọ́, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ sè é bí ẹ ṣe ń se ṣọkọ, pẹ̀lú irú àti ẹja gbígbẹ. Ìyá mi, tó kọ́kọ́ ní òun kò jẹ koríko òyìnbó, ló ń bi mí báyìí pé ìgbà wo ni mo máa tún dín in kù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: omi àti ìṣọ́

Títí ìparí oṣù kẹwàá, òjò á ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi ìka gún ilẹ̀; bí ó bá gbẹ dé oríkèé kejì ìka, ẹ bomi rin ín, ní ìdí igi ní àárọ̀, kì í ṣe lórí ewé ní ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tó ń tanná àti ìgbà tí kóró ṣì ń sun wàrà nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ni kò gbọdọ̀ fojú kan òùngbẹ. Nígbà tí kóró bá ti le bí ìyẹ̀fun tí a pò, ẹ dáwọ́ omi dúró.

Bí ẹ bá rí àmì ìyeyè tí mo sọ, ẹ ká àwọn ewé ìsàlẹ̀ náà kúrò, ẹ gbé wọn jáde nínú oko, ẹ sì wò ó bóyá ó yẹ kí ẹ tún yọ igi díẹ̀ láàárín.

Ìgbésẹ̀ keje: ìkórè

Ewé á pọ́n, á re. Ẹ mú kóró kan, ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́: bí èékánná kò bá wọlé mọ́, ó ti tó. Ẹ gé e lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ, ní bíi agogo mọ́kànlá, ẹ tẹ́ ẹ sórí tapólì lábẹ́ páánù fún ọjọ́ márùn-ún sí méje, ẹ fi ọ̀pá lù ú, ẹ fẹ́ ẹ. Sá a lóòrùn títí á fi máa ró kẹ́kẹ́ láàárín eyín.

Èèpo rẹ̀ korò, torí ohun kan wà lára rẹ̀ tó ń hó bí ọṣẹ; òun náà ni kì í jẹ́ kí ẹyẹ jẹ èyí tó korò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ra á nínú omi, ẹ da omi nù, ẹ tún ra á, títí omi kò fi ní hó mọ́. Omi márùn-ún tàbí mẹ́fà ni tèmi máa ń gbà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọ èyíkéyìí, ẹ lọ sí ìpín tó dúró ṣinṣin jù, tí àrùn kò dé, tó gbẹ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bu ife kan sọ́tọ̀ nínú tirẹ̀ láìfọ̀, ẹ dà á sínú ìgò, ẹ dé e pinpin, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbìn ín àti ọjọ́ tí ẹ gé e sára ìgò náà. Òun ni ẹ ó fi ka ọjọ́ padà sẹ́yìn nígbà tí oṣù kẹsàn-án bá tún dé.